Ohùn Kan, Lílù Márùn-ún: Gángan, MIDI àti Ìmọ̀ Ohùn ní Ìdàáṣà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé iṣẹ́ kan tí mo ṣe nílé, ní Ìdàáṣà, láàárín àwọn òkè 41 tí a fi mọ ìlú wa. Iṣẹ́ náà kan ẹ̀rọ orin, ó kan wáyà, ó sì kan nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣe é lọ, mo rí i pé ọ̀rọ̀ fóníìmù àti ẹ̀dà fóníìmù tí wọ́n kọ́ wa ní ọdún kìíní gan-an ni mo ń bá wọ ìjàkadì. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá sí ojú ewé Yorùbá wa.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni mí. Ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè ni àwa onílé ń pè ní Igbó Ìdàáṣà. Ìdàáṣà ni a ń sọ nílé. Faransé ni mo fi kàwé láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí baccalauréat. Yunifásítì ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá àjùmọ̀lò sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti yàtọ̀ sí tiyín, ẹ bá mi kà á mọ́ Ìdàáṣà.

Ohun kan wà tí ilé-ìwé Faransé fi sí mi létí, tó sì wúlò fún ọ̀rọ̀ òní. Ní Nàìjíríà, olùkọ́ Yorùbá a máa fi dò, re, mí kọ́ ọmọ ní ohùn: dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Àwa tí a kọ́ orin lọ́nà ti Faransé mọ do, ré, mi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, do kì í ṣípò. Ìró kan pàtó lórí dùùrù ni, òun náà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní C. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú kíláàsì ohùn ni pé dò ti Yorùbá máa ń rìn. Dò ọkùnrin kì í ṣe dò obìnrin; dò ẹni tí inú ń bí kì í ṣe dò ẹni tí oorun ń kùn. Ipò tí ohùn kan wà sí èkejì ni etí ń gbọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò mọ̀ ju do tí kì í ṣípò lọ.

Ẹ̀rọ aláwìítúnwí

Ẹ̀rọ náà ni àwọn Faransé ń pè ní échantillonneur. Sampler ni ọ̀pọ̀ olórin ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. A óò fi makirofóònù gba ìró kan sínú rẹ̀. Nígbàkígbà tí a bá sì tẹ ojú dùùrù tí a so mọ́ ọn, yóò gbé ìró náà jáde bí a ṣe gbà á. Fairlight CMI, tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà ní ọdún 1979, wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó dé ọwọ́ olórin, owó rẹ̀ sì ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀. Akai S2000 ni, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Akai ti Japan gbé jáde ní 1995. Mo rà á ní tòkunbọ̀ ní Kútọnu. Díìsìkì pẹlẹbẹ tí ọ̀pọ̀ àwọn àbúrò wa kò fojú rí rí ni ó ń lò, ìrántí inú rẹ̀ kò sì ju megabyte 2 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìró tí a gbà ní ìwọ̀n ti CD, tí a kò pín sí apá òsì àti apá ọ̀tún, ń jẹ báìtì 88,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, megabyte 2 yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 23. Kò tó láti gba orin kan. Ṣùgbọ́n lílù gángan kan kì í ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ, èyí ló jẹ́ kí n rò pé ààyè yóò gbà wá.

Ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe rọrùn láti sọ. Fún ìwé àpilẹ̀kọ mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń sọ Ìdàáṣà nílé lè gbọ́ gbólóhùn tí a fi ohùn nìkan gbé jáde, láìsí kọ́ńsónáǹtì, láìsí fáwẹ̀lì. Gángan ni ohun èlò tó bá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ mu jù lọ. Ṣùgbọ́n onílù kò lè lu gbólóhùn kan náà ní ìwọ̀n kan náà fún olùgbọ́ ogún, kí ó má rẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa lù ú bí mo bá ṣe pàṣẹ.

Ibẹ̀ ni àìsàn ẹ̀rọ náà ti yọjú. Bí a bá gba lílù kan ṣoṣo, tí a wá pè é lẹ́ẹ̀mẹjọ, lílù kan náà ni yóò jáde lẹ́ẹ̀mẹjọ, láìsí ìyàtọ̀ tó tó orí abẹ́rẹ́. Àwọn olórin fi í wé ìbọn tó ń yìn léraléra. Ní ọwọ́ onílù, kọ̀ǹgọ́ kì í bọ́ sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ tó ń fún ọṣán kì í fún un bákan náà, awọ náà sì ṣì ń gbọ̀n láti inú lílù tó kọjá nígbà tí òmíràn dé. Etí wa ti mọ èyí láti kékeré. Bí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ rárá, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé irú rẹ̀ fún ìyá àgbà kan ládùúgbò wa gbọ́. Ohun tó bi mí ni pé, “Ta ló ń kan ìṣó?”

Àwọn kan lè sọ pé kí a gba lílù kan, kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé e sókè fún ohùn òkè, kí ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ yìí lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣe é: yóò sáré ka ìró náà kí ó lè ga, yóò sì rọra kà á kí ó lè lọ sílẹ̀. Bí ó bá gbé e ga dé ìlọ́po méjì, gígùn rẹ̀ yóò di ìdajì. Nípa báyìí, gbogbo ohùn òkè yóò kúrú, gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ yóò gùn, olùgbọ́ yóò sì máa fi gígùn dá ohùn mọ̀. Ìdánwò ohùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Lílù ohùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ onílù wá.

Lọ́dọ̀ onílù

Onílù tó ràn mí lọ́wọ́ jẹ́ ará Kétu tó fẹ́ ìyàwó ní Ìdàáṣà. Bàbá ni mo ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n óò sì pè é níhìn-ín. A kò ṣe é níta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lílù lẹ́bàá òkè dùn létí. Òkúta àwọn òkè wa máa ń dá ohùn padà. Bí gbohùngbohùn yẹn bá wọ inú ìró tí a gbà, a kò lè yọ ọ́ kúrò mọ́, ìgbàkígbà tí lílù tuntun bá sì dé ni yóò máa gé e lójijì. Yàrá ni a jókòó sí, a gbé tìmùtìmù ti ògiri, a sì dúró kí àwọn zémíjàn dín lójú títì. Ìjókòó kan ṣoṣo ni a fi gba gbogbo rẹ̀, nítorí pé awọ ìlù kì í dúró sójú kan: oòrùn ń mú un le, ọ̀rinrin ń mú un rọ̀.

Mo kọ́kọ́ bẹ Bàbá pé kí ó lu ohùn mẹ́ta fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó lù wọ́n. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó lu “ìlù” àti “ìlú”. “Ìlù” jẹ́ ìsàlẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tó lu “ìlú”, lílù kejì kò bẹ̀rẹ̀ lókè. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì yọ̀ gòkè lọ bí Bàbá ṣe ń fún ọṣán mọ́ ìhà. Nígbà tó lu “délẹ̀”, lílù kejì bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sì yọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹnu wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń yọ̀ gòkè. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀lé ohùn òkè máa ń yọ̀ wálẹ̀. Bàbá kò jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì rí, ṣùgbọ́n òfin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Báyìí ni ohùn mẹ́ta ṣe di ìró márùn-ún: òkè, àárín, ìsàlẹ̀, èyí tó ń yọ̀ gòkè àti èyí tó ń yọ̀ wálẹ̀. Mo gba ìkọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì di lílù 25. Lílù 15 tí kì í yọ̀ gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ́kọ̀ọ̀kan. Lílù 10 tó ń yọ̀ gùn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ìdá 8 nínú 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 15 àti ààbọ̀. Ó wọ inú ìrántí ẹ̀rọ, ààyè sì tún ṣẹ́kù.

Ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà

Ìbéèrè tó kù ni bí ẹ̀rọ yóò ṣe mọ èyí tí yóò mú nínú márùn-ún. S2000 kò ní bọ́tìnì tí a lè tẹ̀ kí ó máa mú wọn ní tẹ̀létẹ̀lé. Ìta rẹ̀ ni a ti máa wá ọgbọ́n, lójú ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. MIDI ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Ọdún 1983 ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ orin fẹnu kò lé e lórí, kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè máa bá ti ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀. Dave Smith ti Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi ti Japan ni orúkọ wọn hàn jù nídìí rẹ̀.

Kì í ṣe ìró ló ń gba inú wáyà MIDI kọjá, àṣẹ ni. Àṣẹ “lu èyí” ní nǹkan mẹ́ta nínú. Àkọ́kọ́ ni ikànnì, tí ó jẹ́ 16. Èkejì ni nọ́ńbà nóòtù, láti 0 dé 127. Nọ́ńbà 60 ni do àárín dùùrù. Ẹ̀kẹta ni agbára ìtẹ̀, láti 1 dé 127. Wáyà náà ń gbé ẹyọ àmì 31,250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àṣẹ kan sì jẹ́ ẹyọ 30, nítorí náà kò gba àṣẹ kan ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ láti dé. Bí a bá fi kọ̀ǹpútà sáàárín dùùrù àti sampler, tí kọ̀ǹpútà gba àṣẹ, tó yí nọ́ńbà kan padà nínú rẹ̀, tó sì tún un rán, etí kò ní fura.

Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Pure Data ni mo lò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, èyí tí Miller Puckette dá sílẹ̀, tí a kì í sì í ra. Nínú sampler, mo to program márùn-ún. Èkíní ń gbọ́ ikànnì 1, èkejì ń gbọ́ ikànnì 2, títí dé 5. Nínú program kọ̀ọ̀kan, nóòtù 60 jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, 61 jẹ́ àárín, 62 jẹ́ òkè, 63 ń yọ̀ gòkè, 64 ń yọ̀ wálẹ̀. Program márààrún jọ ara wọn ní ètò. Lílù inú wọn nìkan ló yàtọ̀. Èmi kò fọwọ́ kan ju ojú dùùrù mẹ́ta lọ: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìyókù.

Iṣẹ́ méjì ni kọ̀ǹpútà ń ṣe, bí wọ́n sì ṣe tẹ̀lé ara wọn ṣe pàtàkì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń rántí ohùn tó kọjá. Bí ohùn tó kọjá bá jẹ́ ìsàlẹ̀, tí mo wá tẹ òkè, yóò sọ 62 di 63. Bí èyí tó kọjá bá jẹ́ òkè, tí mo wá tẹ ìsàlẹ̀, yóò sọ 60 di 64. Lẹ́yìn náà ni yóò ka iye ìgbà tí a ti pe ìró náà, yóò sì fi rán an sí ikànnì tó kàn: 1, 2, 3, 4, 5, kí ó tó padà sí 1. Ohùn mẹ́ta di ìró márùn-ún nípa òfin. Ìró márùn-ún di lílù 25 nípa kíkà.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò yóò pàdé àwọn nǹkan wọ̀nyí lójú ọ̀nà. Àṣẹ “dákẹ́” gbọ́dọ̀ gba ikànnì tí àṣẹ “lù” gbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìró yóò máa dún lọ láìsí ẹni tí yóò pa á lẹ́nu mọ́. Fún ìlù, ó rọrùn jù kí a sọ fún sampler pé kí ó máa ka ìró kọ̀ọ̀kan dé òpin láìka àṣẹ “dákẹ́” sí. Bákan náà, bí a bá fẹ́ rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀ díẹ̀ bí gbólóhùn ṣe ń lọ sópin, ikànnì márààrún ni a óò rán àṣẹ náà sí lẹ́ẹ̀kan náà, kí òkan má baà wà lókè nígbà tí ìyókù wà nísàlẹ̀.

Kíkà tí etí kò gbọdọ̀ mọ̀

Ọ̀rọ̀ wà nínú kíkà náà. Ìró kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní òǹkà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé òǹkà kan ṣoṣo ni a lò fún gbogbo wọn, tí lílù sì jẹ́ mẹ́rin, tí ìlù wá ń lọ ní àárín, òkè, àárín, òkè. Àárín yóò máa gba 1 àti 3, òkè yóò máa gba 2 àti 4, láéláé. Ìdajì lílù tí Bàbá làágùn lé lórí kò ní jáde rárá.

Kí ló dé tí mo fi mú márùn-ún, tí n kò mú mẹ́rin? Ẹ wo gbólóhùn yìí: “ọmọ délé”. Àárín, àárín, òkè, òkè ni. Bí a bá ń lù ú léraléra, àárín ń jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Bí lílù bá jẹ́ mẹ́rin, sílébù àkọ́kọ́ yóò gba 1, lẹ́yìn náà 3, lẹ́yìn náà 1; ìyípo kẹta yóò bá èkíní dọ́gba pátápátá, etí yóò sì mú un. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, sílébù náà yóò gba 1, 3, 5, 2, 4, kí ó tó padà sí 1. Àwa tí a dàgbà sínú ìṣirò ọjọ́ ọjà mọ èyí láì kọ́ ọ: ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin àti èyí tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún, bí wọ́n bá pàdé lónìí, ó di ogúnjọ́ kí wọ́n tó tún pàdé. A tún lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣẹ́ kèké, bí a bá ti kà á léèwọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ mú èyí tó mú kẹ́yìn.

Mo tún gbé e fún ìyá àgbà ọ̀hún gbọ́. “Mo ti délé” ni mo fi ìlù sọ. Ìyá tẹ́tí, wọ́n ní, “Ọmọ ta ni?” Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ rí i pé “mo ti délé” àti “ọmọ délé” kò yàtọ̀ lórí ìlù: àárín, àárín, òkè, òkè ni méjèèjì. Kì í ṣe gbólóhùn mi ni ìyá gbọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn ni wọ́n gbọ́. Ẹni tó gbọ́ ìṣó tẹ́lẹ̀ ti ń béèrè ọmọ. Irú èyí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ìlù tí ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà fi ń ṣe àmì ara rẹ̀ láyé àtijọ́, tí àwọn olùgbọ́ ní Ìbàdàn gbọ́ nínú rẹ̀ ìbéèrè nípa ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà.

Ibi tí ìtumọ̀ wà

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rí dì mú. Nínú àṣẹ MIDI, nọ́ńbà mẹ́ta ni ó wà, ẹ̀rọ sì ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ohun kan náà: nọ́ńbà ṣáá ni wọ́n. Èmi ni mo ní láti sọ èyí tó ní ìtumọ̀. Mo fi ohùn sí nọ́ńbà nóòtù. Mo fi bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó sí agbára ìtẹ̀. Ìyàtọ̀ tí kò gbọdọ̀ ní ìtumọ̀ kankan ni mo fi sí ikànnì. Sampler yìí gbà wá láàyè láti to ìró mẹ́rin sí abẹ́ ojú dùùrù kan, kí agbára ìtẹ̀ máa yàn nínú wọn. Ọ̀pọ̀ olórin ń lò ó bẹ́ẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ wọn mu. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi agbára ìtẹ̀ ka ẹ̀dà, n kò ní ohun tí n óò fi pariwo tàbí sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mọ́.

Ohun tí fóníìmù jẹ́ kò ju èyí lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá fi lílù òkè kẹta rọ́pò èkejì, “ọmọ délé” ṣì ni. Bí ó bá fi lílù tó ń yọ̀ wálẹ̀ rọ́pò òkè tó gbẹ̀yìn, ó di “ọmọ délẹ̀”: ọmọ tó wọlé láyọ̀ ti balẹ̀ gbì. Ó sì lè jẹ́ pé lílù òkè méjì yàtọ̀ sí ara wọn létí ju bí lílù òkè kan ṣe yàtọ̀ sí lílù àárín kan lọ. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè fi wọ̀n tí yóò sọ fún un pé ti àkọ́kọ́ kò ṣe nǹkan, tí èkejì sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹni tó gbọ́ èdè ló mọ̀ ọ́n.

Mo sì rí i pé ẹ̀dà kì í ṣe oríṣi kan. Nígbà tí a bá sọ “nílé” ṣùgbọ́n tí a sọ “lọ́jà”, fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé e ló yàn láàárín n àti l. Kò sí ẹni tó ń ṣẹ́ kèké lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn tó ń yọ̀: aládùúgbò rẹ̀ ló yàn án. Ṣùgbọ́n kò sí aládùúgbò tó yan lílù kẹta dípò èkejì. Irú àkọ́kọ́ ń fẹ́ òfin, irú kejì ń fẹ́ òǹkà. Òfin gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè ka ẹ̀dà ìró tí a kò tíì yàn. Ìwé ti sọ èyí fún wa tipẹ́. Kọ̀ǹpútà ló jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ní 1996, Andrew Hunt àti Alan Black ṣàlàyé bí a ṣe lè kó ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ìró kan náà jọ láti ẹnu olùsọ̀rọ̀ kan, kí kọ̀ǹpútà sì máa yan èyí tó bá aládùúgbò rẹ̀ mu jù. Lórí ìlù wa náà, Cecilia Durojaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde ní 2021 lórí bí olùgbọ́ ṣe ń mọ ìgbà tí dùndún ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tó ń kọrin, wọ́n sì wo ipa tí mímọ̀ tí olùgbọ́ mọ ìlù náà tẹ́lẹ̀ ń kó. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò ìgbọ́rọ̀, ẹ má ṣe fi ẹ̀dà kan ṣoṣo dán olùgbọ́ wò. Bí “ìlú” yín bá jẹ́ ìró kan tí ẹ ń tún gbé jáde, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ohùn ni olùgbọ́ dá mọ̀, tàbí ikọ́ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọwọ́ ta ni?

Nígbà tí Bàbá gbọ́ ẹ̀rọ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ òun nìyẹn lóòótọ́. Mo lu gbólóhùn méjì mìíràn tí òun kò lù rí. Ẹ̀rín náà dúró. Ó ní, “Ọmọ mi, bí àpótí yìí bá bú ọba, ta ni wọ́n máa mú?”

N kò rí èsì fọ̀. Lílù 25 tó gbọ́dọ̀ jọ ti ènìyàn kí ìdánwò mi tó lè yè, àwọn náà ló lè gbé gbogbo gbólóhùn Yorùbá jáde ní orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ṣe tọ́ ọ̀nà náà dáadáa tó ni yóò ṣe ṣòro tó láti mọ̀ pé kì í ṣe Bàbá ló lù ú. Láàárín wa, ohun tí ìlù bá sọ, onílù ló sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí onílù fi ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Lóde òní tí kọ̀ǹpútà ti lè fi ohùn ènìyàn sọ ohun tí onítọ̀hún kò sọ rí, ìbéèrè Bàbá kọjá ọ̀rọ̀ ìlù nìkan.

A fẹnu kò sórí nǹkan méjì. N kò gbọdọ̀ fi lílù rẹ̀ ki ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọdọ̀ fi bú ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn tí òun kò bá sì kọ́kọ́ gbọ́ kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní yàrá mi. Díìsìkì náà wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀dà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ohun tí yóò fi gbọ́ ọ. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tó wà ni.

Nínú àwọn ìwé ìgbọ̀wé tí a ń gbé fún olùfọ̀ kí ó tọwọ́ bọ̀ nígbà tí a bá lọ kó èdè jọ, àwọn tí mo ti rí ń sọ pé a óò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, a óò sì tọ́jú rẹ̀. N kò tíì rí èyí tó sọ pé a lè gé e sí wẹ́wẹ́, kí a sì fi kọ ọ̀rọ̀ tuntun. Mo ti fi ìlà kan kún tèmi, mo sì rọ ẹ̀yin náà pé kí ẹ fi kún tiyín, ní èdè tí olùfọ̀ gbọ́: “A lè tún ohùn yín tò láti fi sọ ohun tí ẹ kò sọ, a kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ kí ẹ̀yin fúnra yín tó gbọ́ ọ, tí ẹ sì fọwọ́ sí i.”

Ó dìgbà kan ná.